Òsì Wo Ni? Ìtanijí Lórí Bí Ìwé Kan Ṣe Ń Wá Èkejì Nínú Kọ̀ǹpútà

Òsì méjì ló wà. Ọ̀kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì níbí. Èkejì wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan tí òun náà ń jẹ́ Èkìtì. Bí akọ̀wé bá bi ọmọ Òsì pé, "Ìlú yín ńkọ́?" á ní, "Òsì." "Òsì ibo?" "Òsì Èkìtì." Ọmọ ìlú méjèèjì ló lè dáhùn bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Akọ̀wé tó bá lóye á tún bèèrè ọba tó ń jẹ níbẹ̀, tàbí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í bèèrè. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí i ló gbà.

Ìdó náà kò yàtọ̀. Ìdó-Èkìtì wà, Ìdó tún wà lẹ́bàá Ìbàdàn tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ọyẹ́ tí à ń kọ láìfi àmì sí i, oyè ni àlejò ń kà á sí.

Lónìí, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, báńkì àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń kó orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti tọ́jú káàdì àjọ rí ti mọ ìdajì rẹ̀, ìdajì yòókù ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo rẹ̀ dá lórí bí ìwé kan ṣe ń wá èkejì rí, àti bí ẹni tó rán an ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo kò gbà á

Ẹ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń lo ìwé ńlá kan. Ìyá kan ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ti san, akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iye tó san. Kí ọdún tó yí po, orúkọ ìyá yìí ti wà níbi 52 nínú ìwé náà. Bó bá pààrọ̀ fóònù, ibi 52 ni akọ̀wé á ti fi bírò pa á rẹ́. Ta ló ní sùúrù yẹn? Á tún bíi mẹ́wàá ṣe, á fi ìyókù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìwé kan ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a ya ìwé náà sí mẹ́ta: ìwé ọmọ ẹgbẹ́, ìwé owó tí wọ́n dá, ìwé owó tí wọ́n yá. Orúkọ àti fóònù ìyá yìí á wà nínú ìwé kìíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, ká ní 57. Nínú ìwé kejì, akọ̀wé kò ní kọ orúkọ mọ́. Á kọ pé: 57, ọjọ́ báyìí, iye báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni owó náà á padà sí ìwé kìíní lọ wo 57.

Àwọn alájọ ti ń ṣe èyí tipẹ́, àmọ́ ẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní California. Ọdún 1970 ló gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde. Lọ́dún 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà wà ní IBM, fi èdè ìbéèrè kan lélẹ̀ tó di SQL tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe ìwé kọ̀ọ̀kan ní table. Nọ́ńbà 57 tó kúrò nínú ìwé kìíní tó lọ jókòó sínú ìwé kejì, foreign key ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní nọ́ńbà àlejò, nítorí ilé rẹ̀ wà níbòmíràn, ó kàn wá dúró fún ẹni tó ni ín ni.

Orúkọ kò lè ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò fi orúkọ ṣe àlejò náà, ṣebí orúkọ ló dá olúkúlùkù yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ẹ wo ìbejì. Ìran Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lọ láyé. Ìbejì kan ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí wọn dọ́gba, àdúgbò wọn dọ́gba, fóònù ìyá wọn kan náà ni wọ́n sì fi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ohun tó kù láti fi dá wọn mọ̀ ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, akọ̀wé kan tún lè kọ Táyé níbi tí ẹnì kejì rẹ̀ ti kọ Taiwo. Bí kò bá sí nọ́ńbà tó dá dúró fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ọ̀kan lè wọ inú ìwé èkejì.

Obìnrin tó lọ sílé ọkọ ń pààrọ̀ orúkọ. Ẹlòmíràn ń yọ Ifá kúrò nínú tirẹ̀, ó ń fi Olú sí i.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà, èyí tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílẹ̀ òkèèrè kì í rò. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọ́" tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní lókè kò ní. Ẹnì kan lè tẹ "ọ" kó fi àmì òkè kún un, ẹlòmíràn lè tẹ "ó" kó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ojú wa rí ohun kan náà, ẹ̀rọ rí ọ̀tọ̀ méjì. Wọ́n á wá orúkọ bàbá kan tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á ní kò sí. Oògùn rẹ̀ wà, normalization ni wọ́n ń pè é: kí ètò náà sọ gbogbo orúkọ di irú kan kó tó fi pamọ́, kó sì ṣe bákan náà fún èyí tí wọ́n tẹ̀ láti fi wá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí ló ń lò ó.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbà pé nọ́ńbà ló yẹ. BVN dé lọ́dún 2014 fún àwọn oníbáńkì. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, wà lọ́wọ́ àjọ NIMC, ẹyọ nọ́ńbà 11 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé UTME. Ọmọ tó ń forúkọ sílẹ̀ kò kàn ń tẹ orúkọ tó wù ú mọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ni JAMB ń mú lọ bá NIMC, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó bá bá níbẹ̀ ló ń gbé bọ̀. Ẹni tó bá tibẹ̀ wọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011, ìbáà wà ní Ọyẹ́ tàbí ní ọgbà ti Ìkọ̀lé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, àkọsílẹ̀ yẹn ló tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Àṣìṣe lẹ́tà kan ní NIMC á bá a dé ọjọ́ tó ń lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó lọ ń tún orúkọ ṣe ní ilé-ìwé nígbà tí ti NIMC ṣì wọ́, ńṣe ló ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó lu.

Ìrìn igba ó lé kan

Bí nọ́ńbà bá ti wà, ó kù kí ìwé kan fi í wá èkejì rí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣe ojú-ewé kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lágbègbè wa. Ojú-ewé náà á to orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, á sì to owó tí olúkúlùkù ti dá sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Nílé, mo fi èèyàn márùn-ún dán an wò. Ó já fáfá. Lọ́jọ́ ìpàdé, èèyàn 200 ló wà nínú ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń yí. Mo dúró, ó ń yí. Ìyá Akápò ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó ti sùn?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa ṣí, ó ti tó 20 ìṣẹ́jú-àáyá. Bàbá Alága pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára ló kù, sọ fún wa, a ó dá owó rẹ̀."

Ẹ̀rọ kọ́ ló ní ẹ̀bi, èmi ni. Ohun tí mo ṣe nìyí. Ẹ fojú inú wò ó pé mo wà ní Ìkọ̀lé, ìwé ẹgbẹ́ wà ní Ìdó. Mo rán ọmọ kan níṣẹ́: "Lọ mú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wá." Ó lọ, ó gbé orúkọ 200 dé. Mo ka orúkọ kìíní, mo ní, "Padà lọ mú ìwé owó ẹni yìí wá." Ó lọ, ó bọ̀. Mo ka ìkejì, mo tún rán an. Títí a ó fi dé ìkẹyìn, ọmọ náà ti rin ìrìn 201: ọ̀kan fún orúkọ, 200 fún owó. Ní ti gidi, àká wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a kó ìwé náà pamọ́ sí, wà lókè òkun, ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, àròpọ̀ rẹ̀ ni 20 yẹn. Bí ẹgbẹ́ náà bá di 5,000 èèyàn, ojú-ewé kan á gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé. Àwọn oníṣẹ́ ní orúkọ fún àìsàn yìí, N+1.

Kí ló dé tí n kò mọ̀ pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mò ń rán? Framework ni mo lò. Framework ni egungun ilé tí ẹlòmíràn ti gbé dúró kí oníṣẹ́ tó dé. Tìrẹ ni kí o mọ ògiri sí i. Django ni tèmi. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni wọ́n ti bí i, Lawrence Journal-World ní Kansas, Amẹ́ríkà. Adrian Holovaty àti Simon Willison ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2003, wọ́n gbé e fún gbogbo ayé ní oṣù Keje 2005. Ó rọrùn dé ibi tó fi lè tanni. Mo kọ `omo_egbe.isanwo.all()`, ó dà bí ẹni pé mo ń ṣí ojú-ìwé tó wà níwájú mi. N kò rí ọmọ tó sáré jáde lọ sí Ìdó. Nígbà tí mo bá fọwọ́ kan owó náà gan-an ni framework tó ń lọ mú un, wọ́n ń pe ìwà yìí ní lazy loading, ìgbéwá bíi ti ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ náà wúlò lọ́jọ́ tí a kò nílò owó rárá. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ti gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pani lára.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan: `OmoEgbe.objects.prefetch_related("isanwo")`. Ọmọ náà á lọ mú orúkọ wá. Lẹ́yìn náà á tún lọ lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú nọ́ńbà 200 nínú ìwé pélébé kan, á kó gbogbo owó tó jẹ mọ́ nọ́ńbà wọ̀nyẹn bọ̀, a ó sì pín in sábẹ́ orúkọ nílé. Ìrìn méjì. Ojú-ewé náà ṣí kí ẹni tó fẹ́ sín tó sín tán. Ìpàdé kejì, Ìyá Akápò kò rí nǹkan sọ.

Bó bá jẹ́ pé ìwé àwìn, ìyẹn owó tí wọ́n yá, ni mo ń tò, tí mo fẹ́ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè kọ̀ọ̀kan, `select_related` ló bá a mu. Àwìn kan, ẹni kan ló ni ín, nítorí náà àká fúnra rẹ̀ lè so ìwé méjèèjì pọ̀, kí ọmọ gbé wọn bọ̀ nínú ìrìn ẹyọ kan. Ẹni tó ń lo Laravel, tí Taylor Otwell gbé jáde lọ́dún 2011, á lo `with`. Laravel tún ní àṣẹ kan tí mo fẹ́ràn, `preventLazyLoading`: bí oníṣẹ́ bá gbàgbé, ètò náà á pariwo nígbà tó ṣì ń dán an wò nílé, kó tó di ẹ̀sín lójú ìpàdé. Lórí Django, Debug Toolbar á ka iye ìrìn tí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan rìn. N kò gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láì wo iye yẹn.

Pàkúté kan ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó ti rò pé òun ti já a. Bí o bá ti kó owó gbogbo bọ̀ tán, tí o wá kọ `.filter()` sí ti ẹnì kan láti mú ti oṣù yìí nìkan, Django á gbàgbé ohun tó wà nílé, á tún rán ọmọ lọ sí Ìdó. Ìrìn 200 tún bẹ̀rẹ̀. Inú ohun tí a fẹ́ kó bọ̀ gan-an ló yẹ kí a ti sọ pé ti oṣù yìí la fẹ́, `Prefetch` sì wà fún ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ àròpọ̀ la fẹ́, kí ló dé tí a ó fi kó ìwé ọdún mẹ́wàá wá sílé láti wá ro ó? Kí ẹni tó wà nídìí àká ro ó níbẹ̀, kó fi iye kan ránṣẹ́.

Mo máa ń rántí Alájọ Ṣómólú tí à ń fi orí rẹ̀ ṣàpèjúwe. Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i lọ́dún 1915, ó kú lọ́dún 2012. Wọ́n ní ó ń gba owó àjọ láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ó sì ń dá a padà fún olówó láì ṣì. Àwa ń fi apá kejì ìtàn rẹ̀ ṣẹ̀rín, pé ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè wọ kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé, kẹ̀kẹ́ wọ ibẹ̀. Owó tí Bàbá Alága fẹ́ dá fún ẹ̀rọ ńlá ì bá ti ra mọ́tò fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ń fẹ́ kẹ̀kẹ́.

Bí wọ́n bá pa nọ́ńbà 57 rẹ́

Ọmọ ẹgbẹ́ kan jáde, akọ̀wé tẹ "parẹ́". Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí owó tó ti dá àti àwìn tó jẹ? Ọwọ́ ẹni tó kọ ètò náà ni èsì wà. Bó bá kọ CASCADE, gbogbo ohun tó so mọ́ 57 á bá a lọ, gbèsè rẹ̀ á parẹ́ bí ìrì. Bó bá kọ SET_NULL, owó á wà, ẹni tó ni ín kò ní sí mọ́. Bó bá kọ PROTECT, ẹ̀rọ á kọ̀: á ní àwìn ṣì wà lọ́rùn ẹni yìí, n kò lè pa á rẹ́. Láti Django 2.0, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2017, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó fẹ́. Níbi tí owó bá wà, PROTECT ni tèmi, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ gba ọ̀dọ̀ baálé wọlé

Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè ojú-ewé lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí àwìn tiyín. Bó bá parí sí nọ́ńbà àwìn náà, ká ní 57, ẹ fojú inú wò ó pé ẹnì kan pa 57 rẹ́, ó tẹ 58. Bí àwìn ẹlòmíràn bá ṣí, ilé yẹn kò ní ìlẹ̀kùn. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ kárí ayé. OWASP, ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ààbò àwọn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi irú rẹ̀ sípò kìíní nínú mẹ́wàá tó léwu jù lọ tí wọ́n tò lọ́dún 2021.

Ibi tó ti wá kò jìnnà sí ohun tí à ń sọ bọ̀. Oníṣẹ́ náà bèèrè lọ́wọ́ àká pé, "Fún mi ní àwìn 58," àká sì fún un. Èyí tó yẹ kó bèèrè ni, "Nínú àwìn ẹni tó wọlé yìí, ṣé 58 wà níbẹ̀? Fún mi." Nínú Django, `request.user.awin.get(pk=58)` ni. Bí 58 kì í bá ṣe tirẹ̀, kò ní rí i rárá. Àlejò tó bá wọ agboolé wa, ọ̀dọ̀ baálé ló ń kọ́kọ́ yà. Baálé ló ń sọ yàrá tó lè dé. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, a mọ orúkọ tí à ń pè é.

Òfin ti wà lórí èyí. Ní 12 oṣù Kẹfà 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà. Bí ìsọfúnni àwọn ènìyàn bá jo lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín, kí wọ́n sì tún èyí tó bá wọ́ ṣe. Òfin náà kò yọ ẹgbẹ́ abúlé sílẹ̀ torí pé ó kéré, mo sì ti rí ẹgbẹ́ tó lẹ orúkọ onígbèsè àti nọ́ńbà fóònù wọn mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán.

Ọ̀rọ̀ mi sí yín

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra JAMB ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó, Mọ̀bà àti Ìlejeméje, ẹ mú ìwé NIN ọmọ náà jáde lónìí, kí ẹ fi í wé ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ lẹ́tà dé lẹ́tà. Bí ó bá wọ́, NIMC ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó lọ ibikíbi. Nílé ìwòsàn, ẹ má ṣe sọ orúkọ nìkan nígbà tí wọ́n bá bèèrè. Káàdì ni kí ẹ gbé jáde, pàápàá ẹ̀yin ìyá ìbejì. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ tó sanwó fún ọ̀dọ́ tó ṣe ojú-ewé fún yín, ẹ bi í ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbèsè bí ẹ bá pa onígbèsè rẹ́, kí ẹ sì ní kó yí nọ́ńbà orí àdírẹ́sì padà lójú yín.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, ẹ má fi èèyàn márùn-ún dán iṣẹ́ wò. Ẹ fi 5,000 sínú àká kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì ka iye ìrìn tó ń rìn. Níbi tí ẹ bá ti ní kí ènìyàn kọ ìlú rẹ̀, ẹ kọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Òsì méjì ló wà.